Ẹ̀rọ Tó Bá Lanu Ti Sọ Ibi Tó Wà

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wá ariwo kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ ni nígbà náà, iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ rédíò àti rédà ní pápákọ̀ òfurufú, tí àwọn tó ń darí bàlúù láti orí ilé gogoro fi pè wá pé orin ń wọ orí ìkànnì àwọn. Bí awakọ̀ òfurufú bá ń sọ̀rọ̀, orin á máa lọ lábẹ́ ohùn rẹ̀, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mò ń sọ yìí. A tú ẹ̀rọ tiwa palẹ̀, a pààrọ̀ wáyà, a pààrọ̀ áńténà, orin ò lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ gbé áńténà kékeré kan lé mi lọ́wọ́, irú èyí tó dà bí egungun ẹja. Wọ́n ní kí n máa yí i káàkiri títí ariwo náà á fi le jù létí mi, kí n fi rúlà fa ìlà ibi tó kọjú sí sórí máàpù, kí n rìn jìnnà síbẹ̀, kí n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti gé ara wọn, ibẹ̀ ni ká gbà lọ. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ pé ẹni náà ò fẹ́ ká rí òun ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Ó ń sọ̀rọ̀, sà." Wọ́n ní, "Ó tán. Ẹ̀rọ tó bá lanu ti sọ ibi tó wà."

Lọ́jọ́ kẹta a dé ìdí rẹ̀. Iléeṣẹ́ rédíò méjì ló gbé áńténà sórí òpó tó fara kọ́ra. Ìgbì ọ̀kan ń wọnú ẹ̀rọ èkejì, àwọn méjèèjì ń pò mọ́ra, wọ́n sì ń bí ẹ̀kẹta tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní ọ̀kan wà lórí 107.3 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, tí èkejì wà lórí 94.1. Ẹ sọ ti àkọ́kọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ yọ ti èkejì kúrò nínú rẹ̀, 120.5 ló kù. Láti 118 sí 137 sì ni àwọn awakọ̀ òfurufú ti ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n fi fílítà sí ẹ̀rọ méjèèjì, orin dákẹ́.

Mi ò wọ aṣọ ológun rí. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ohunkóhun tí mo bá rí nípa ogun ẹlẹ́kitiróníìkì, ìyẹn ogun tí àwọn ọmọ ogun òfurufú ń fi ìgbì rédíò jà. Ohun tí mo rí ni pé iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta wa yẹn náà ni. Wàá gbọ́ ohùn, wàá mọ ẹni tó ni ín, wàá wá ibi tó wà. Lẹ́yìn ìyẹn lo máa tó yàn: ṣé kí o bò ó mọ́lẹ̀ kó má lè gbọ́ nǹkan kan, ṣé kí o purọ́ fún un, ṣé kí o lọ fọ́ ẹ̀rọ náà, àbí kí o fi í sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ lọ kí ìwọ náà lè máa gbọ́.

Bí àwọn èèyàn bá ń fi agbára ọmọ ogun òfurufú orílẹ̀-èdè méjì wéra, iye bàlúù ìjà ni wọ́n máa ń kà, bó ṣe ń sáré tó àti iye bọ́ǹbù tó lè gbé. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ mọ́. Mo máa ń béèrè ẹni tó ń gbọ́, àti bóyá ó ń kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Èrò mi ni pé etí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun ìjà yìí, pẹ̀lú ìwé tí àwọn olùgbọ́ ń kọ nígbà tí kò tíì sí ogun rárá. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ojú ni rédà. Igbe ló ń ké, tó sì ń dúró de gbohùngbohùn. Ìgbì rédíò ń sá eré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, 300 mítà ló ń rìn nínú ìdá kan péré. Bí gbohùngbohùn bá gba ìdá kan yẹn kó tó padà, a jẹ́ pé 150 mítà ni nǹkan náà jìnnà sí rédà, nítorí àlọ àti àbọ̀ ló rìn. Gbogbo ohun tí rédà mọ̀ nípa ọ̀nà jíjìn kò ju ìṣirò àkókò yìí lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni irọ́ máa gbà wọlé nígbà tó bá yá.

Ìgbì sì máa ń rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí bàlúù bá sún sẹ́yìn di ìlọ́po méjì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, agbára igbe rédà tó máa kàn án lára á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Èyí tó bá ti ara bàlúù padà á tún dín kù bẹ́ẹ̀ kó tó délé, ìdá kan nínú 16 ló máa padà dé etí rédà. Ohùn tó ṣì lágbára ni bàlúù ń gbọ́, èyí tí ìrìn àlọ àti àbọ̀ ti gba agbára rẹ̀ tán ni rédà ń gbọ́. Bí ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn ni: ibi tí iná rẹ̀ mọ dé ló rí, ẹni tó wà lókèèrè réré ti rí òun. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n bàlúù ìjà òde òní ní etí lára tó ń sọ fún un.

Etí náà jẹ́ áńténà kéékèèké tí wọ́n tò sí iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ bàlúù kó lè gbọ́ ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń fi àmì hàn níwájú awakọ̀, tó sì ń dún sí i létí. Rédà tó kàn ń wá kiri máa ń fi ìgbì gbá bàlúù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí áńténà rẹ̀ ṣe ń yí. Èyí tó ti di bàlúù mú, tó fẹ́ darí mísáìlì sí i, kì í gbójú kúrò, ìró rẹ̀ á sì yí padà. Àmọ́ ẹ̀rọ náà ò lè dá nǹkan kan mọ̀ bí kò bá sí àkọsílẹ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo rédà ló ní ohùn tirẹ̀, bí a ṣe ń mọ ohùn ẹni tó ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn: fíríkúẹ́ńsì tó ń lò, bí igbe kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, iye ìgbà tó ń ké láàárín ìṣẹ́jú àáyá, bí áńténà rẹ̀ ṣe ń yí. Àwọn kan ti ní láti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ ọn.

Iṣẹ́ yẹn gan-an ni bàlúù RC-135 Rivet Joint ti Amẹ́ríkà ń ṣe, tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní mẹ́ta irú rẹ̀. Bàlúù ńlá ni, ó lè gbé èèyàn tó lé ní 30, kò sì gbé bọ́ǹbù kankan. Ó máa ń fò lọ fò bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà, àwọn tó wà nínú rẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ, wọ́n ń gbọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tí wọ́n bá kó dé ni wọ́n máa ń tò sínú àkọsílẹ̀ tí bàlúù ìjà máa gbé lọ. N kì í rí àwòrán bàlúù yẹn kí n má ronú nípa àwọn tó jókòó sínú rẹ̀, tí agbohùn wà létí wọn, tí kò sì sẹ́ni tó máa kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn.

Ẹ̀rí ohun tí mò ń sọ wà nínú ogun ọdún 1973. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, Íjíbítì àti Síríà kọ lu Ísírẹ́lì. Àwọn bàlúù Ísírẹ́lì gbé ẹ̀rọ ìkìlọ̀ tó mọ ohùn àwọn mísáìlì ilẹ̀ Soviet àtijọ́, SA-2 àti SA-3. Èyí tó dúró dè wọ́n lọ́tẹ̀ yìí ni SA-6, tuntun ni, ìgbì tí kì í dá dúró, tó ń lọ gbọnrangandan, ni wọ́n sì fi ń darí rẹ̀. Etí bàlúù ń wá igbe tó ń dún tó ń dákẹ́. Kò mọ èyí ní ohùn. Awakọ̀ lè wà nínú ewu kí ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ má sọ ohunkóhun. Kí ogun náà tó parí, láìpé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan bí 100 bàlúù Ísírẹ́lì ló ti ṣòfò, àwọn mísáìlì àti ìbọn ilẹ̀ ló sì jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn awakọ̀ yẹn mọ bàlúù wà dáadáa. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló ṣófo nínú àkọsílẹ̀ wọn.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, wọ́n ti kọ ọ́ kún. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 1982, ní àfonífojì Bekaa ní Lẹ́bánónì, ikọ̀ mísáìlì 19 ni Síríà tò síbẹ̀, SA-6 sì wà lára wọn. Ísírẹ́lì kọ́kọ́ rán àwọn dúróònù kéékèèké lọ, kí àwọn rédà lè rò pé bàlúù ìjà ló dé. Rédà lanu, àwọn olùgbọ́ sì ti wà ní sẹpẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, 17 nínú ikọ̀ 19 ti bàjẹ́. Àwọn awakọ̀ Síríà gbéra láti wá gbà wọ́n sílẹ̀, àmọ́ Ísírẹ́lì ti dí ìkànnì tí wọ́n fi ń gbọ́ àṣẹ láti ilẹ̀ pa. Ó lé ní 80 bàlúù Síríà tí wọ́n já lulẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo ronú gidigidi nípa àwọn awakọ̀ Síríà yẹn. Mo mọ ohun tí ariwo díẹ̀ lórí ìkànnì máa ń ṣe fún awakọ̀ tí kò sí ogun lọ́rùn rẹ̀. Kí ẹni tó ń darí rẹ dákẹ́ lójijì nígbà tí wọ́n ń lé ọ lẹ́yìn, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí dídí rédà lọ́wọ́. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ariwo. O mọ fíríkúẹ́ńsì tí rédà ń lò, o da ariwo lé e lórí, kó má lè gbọ́ gbohùngbohùn tirẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ní àléébù méjì. Èkíní, bí bàlúù ṣe ń sún mọ́ rédà, gbohùngbohùn ń yára lágbára ju ariwo lọ, nítorí ìṣirò àlọ àti àbọ̀ tí mo ṣe lókè. Ó máa dé ibì kan tí rédà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí i láàárín ariwo. Èkejì ni ọ̀rọ̀ bàbá: ẹ̀rọ tó ń pariwo náà ti lanu. Mísáìlì wà báyìí tó jẹ́ pé, bí o bá dí i lójú pẹ̀lú ariwo, ariwo yẹn gan-an ló máa tẹ̀ lé dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Irọ́ ló dùn ún kọ́. Mo fi ọ̀pọ̀ alẹ́ ka èyí, ó sì ṣì ń yà mí lẹ́nu. Ẹ̀rọ kan wà nínú bàlúù tó máa ń gba igbe rédà wọlé, tó máa ń sọ ọ́ di nọ́ńbà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú orin, tó sì lè tún un ké jáde bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò purọ́ kankan. Ó ń dá igbe náà padà lásìkò tó yẹ, àfi pé ó gbé ohùn rẹ̀ sókè ju gbohùngbohùn tòótọ́ lọ. Rédà á fara balẹ̀ lórí èyí tó ga. Nígbà tó bá ti gbà á gbọ́, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdádúró tín-ín-tín sí i. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá: rédà rò pé bàlúù ti sún sẹ́yìn 150 mítà. Ìdá méjì: 300. Bó ṣe ń fà á lọ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, tí rédà ń tẹ̀ lé e tọkàntọkàn. Tó bá di ìdá 20, ó ti mú un jìnnà sí bàlúù tòótọ́ ní kìlómítà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á dákẹ́. Rédà á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣọ́ òfìfo, á sì ní láti bẹ̀rẹ̀ ìwákiri rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀, ìgbà mìíràn ìyẹn sì ti tó láti gba ẹ̀mí èèyàn là. Bí o kò bá tíì gbọ́ ohùn rédà náà dáadáa, o ò lè sín in jẹ.

Irọ́ mìíràn wà tó ti dàgbà jù wá lọ. Lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1943, bàlúù ajubọ́ǹbù 791 ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbéra lọ sí Hamburg ní Jámánì. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìlú, àwọn tó wà nínú wọn ń da ìdì bébà tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò síta. Ọ̀já kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 27. Ìgbì rédà Würzburg tí àwọn ará Jámánì fi ń darí ìbọn wọn gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 53, ohun tó bá sì gùn tó ìdajì ìgbì ló máa ń dá a padà dáadáa jù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀já ń léfòó lójú ọ̀run, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dá ìgbì padà, ojú rédà kún fún bàlúù tí kò sí. Bàlúù 12 péré ló ṣòfò nínú 791 lóru ọjọ́ náà. Window ni wọ́n pè é. Lónìí, orúkọ tí àwọn awakọ̀ ń pè é túmọ̀ sí ìyàngbò, ọ̀pọ̀ bàlúù ìjà ló sì ń gbé e. Obìnrin onímọ̀ físíìsì kan, Joan Curran, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Jámánì náà ti mọ̀ ọ́n, Düppel ni tiwọn. Ìhà méjèèjì fi pa mọ́ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí àwọn bá kọ́kọ́ lò ó, ọ̀tá á kọ́ ọ, á sì lò ó padà.

Mi ò lè kọ nípa Hamburg kí n dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn òru yẹn, àwọn bàlúù padà lọ léraléra, iná tó jó ìlú náà lọ́sẹ̀ yẹn pa èèyàn tó lé ní 30,000, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kì í sì í ṣe ológun. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gba àwọn awakọ̀ là ló ṣí ọ̀nà fún iná yẹn. Ohun méjèèjì ló jẹ́ òtítọ́, mo sì máa ń ro wọ́n pọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ irú rédà tí Würzburg jẹ́ nínú lọ́hùn-ún? Màá padà síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta nínú àwọn ohun tí mo kà lókè ni fífọ́ ẹ̀rọ náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1965, mísáìlì SA-2 já bàlúù F-4 Amẹ́ríkà kan lulẹ̀ ní Vietnam, ó sì jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ogun yẹn. Kí ọdún náà tó parí, Amẹ́ríkà ti dá ikọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wild Weasel. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n fò wọ ibi tí rédà mísáìlì wà, kí rédà lè tan ara rẹ̀ sí wọn, kí wọ́n sì gba ojú ọ̀nà igbe rẹ̀ lọ bá a. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní àṣeyọrí. Wọ́n wá fún wọn ní mísáìlì Shrike, tó ń tẹ̀ lé ìgbì rédà dé orísun rẹ̀. Àwọn tó wà nídìí rédà tètè kọ́gbọ́n: bí wọ́n bá pa rédà, Shrike ò mọ̀nà mọ́. HARM tó rọ́pò rẹ̀ lè rántí ibi tí ohùn ti dún kẹ́yìn, kó sì máa lọ síbẹ̀. Lóru àkọ́kọ́ ogun Gulf, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1991, Amẹ́ríkà tún ẹ̀tàn Bekaa ṣe lórí Iraq. Bàlúù ẹ̀tàn ló ṣáájú, àwọn rédà lanu, HARM sì rọ̀jò lé wọn lórí.

Ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nínú ìtàn yìí wà ní ìhà kejì. Kọ́nẹ́ẹ̀lì Zoltán Dani, ará Serbia, ló ń darí ikọ̀ mísáìlì S-125 kan lọ́dún 1999, ohun ìjà tí wọ́n ti ń lò láti nǹkan bí ọdún 1961. Bàlúù NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá ilẹ̀ wọn jà nígbà náà, kún ojú ọ̀run, wọ́n sì gbé HARM dání. Dani pàṣẹ pé rédà òun ò gbọdọ̀ wà ní títàn ju 20 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí wọn ò bá rí nǹkan dì mú láàárín ìyẹn, kí wọ́n pa á. Ó sì ń kó ẹ̀rọ rẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn lemọ́lemọ́. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́: ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n tinútinú. Lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹta, ikọ̀ rẹ̀ já F-117 lulẹ̀, bàlúù tí wọ́n ṣe lọ́nà tí rédà kò fi ní tètè rí i. Awakọ̀ rẹ̀, Dale Zelko, bọ́ jáde láàyè, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì wá gbé e lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun àti Dani pàdé, wọ́n di ọ̀rẹ́.

Ní ti òde òní, orúkọ pọ̀. Growler, bàlúù ìdírédà ti Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ jagun ní Líbíà lọ́dún 2011. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ló ni ín. Àwọn ọmọ ogun òfurufú wọn ti fẹ̀yìn bàlúù ìdírédà tiwọn, EF-111, tì ní 1998, wọ́n sì gbára lé ti ojú omi láti ìgbà náà. Àṣìṣe ńlá ni, lójú mi. China náà ní irú rẹ̀, J-16D, tí wọ́n fi han aráyé ní Zhuhai lọ́dún 2021. Jámánì ń ṣètò irú Eurofighter kan tó máa rọ́pò Tornado tó ń ṣọdẹ rédà. Rafale, bàlúù ìjà ilẹ̀ Faransé, gbé gbogbo ẹ̀rọ ìgbọ́ àti ìdíwọ́ tirẹ̀ sínú ara, wọ́n ń pè é ní SPECTRA, F-35 sì ní áńténà rẹ̀ nínú awọ ara. Àwọn bàlúù kan máa ń fi okùn fa ẹ̀rọ ẹ̀tàn kékeré lẹ́yìn wọn, kí mísáìlì lè bá ìyẹn lọ. Àwọn rédà tuntun ń yí fíríkúẹ́ńsì padà láàárín igbe kan sí èkejì, àwọn mìíràn ń rọra sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí olùgbọ́ lè rò pé ariwo lásán ni. Ìyẹn mú kí iṣẹ́ olùgbọ́ le sí i, kò mú kó di aláìwúlò. Ní Ukraine, nítorí pé wọ́n ń dí ìgbì dúróònù pa lójoojúmọ́, ìhà méjèèjì ti ń fò dúróònù tó ń tú okùn gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tí àṣẹ àti àwòrán ń gba inú okùn náà kọjá. Dúróònù tó pa ẹnu rẹ̀ dé nìyẹn.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú. Sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè wa. Ohùn rẹ̀ lórí 1575.42 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, nígbà tó bá fi dé ilẹ̀, ti rẹ̀ débi pé ó kéré sí ariwo tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń gbà á fúnra rẹ̀; ìṣirò nìkan ló ń yọ ọ́ jáde. Ẹ̀rọ ìdíwọ́ tí kò lágbára púpọ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀ ní agbègbè tó gbòòrò. Ológun ń dí i nítorí dúróònù àti bọ́ǹbù ọ̀tá, ìgbì ò sì mọ ààlà. Àwọn bàlúù èrò tó ń kọjá lórí Òkun Baltic àti ìlà oòrùn Mẹditaréníà ti ń pàdánù GPS, àwọn mìíràn ń gba ipò irọ́. Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2024, iléeṣẹ́ Finnair dá fífò lọ sí Tartu ní Estonia dúró fún nǹkan bí oṣù kan, nítorí pé ọ̀nà ìbalẹ̀ ibẹ̀ gbára lé GPS, wọ́n sì ń dí i pa. Àwọn arìnrìn-àjò tó wà nínú bàlúù yẹn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń gbọ́ pé kí a yọ àwọn ẹ̀rọ atọ́nà orí ilẹ̀ kúrò, pé wọ́n ti gbó, pé sátẹ́láìtì ti tó. Mo ti fi ọwọ́ mi tún ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe. Wọ́n ń ké láti ibi tó sún mọ́ bàlúù, pẹ̀lú agbára tó pọ̀, kò rọrùn láti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ síbi tí wọ́n wà.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí Würzburg. Àwọn olùgbọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n mọ fíríkúẹ́ńsì rẹ̀, àmọ́ wọn ò mọ inú rẹ̀. R. V. Jones, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun òfurufú wọn, fẹ́ mọ bó ṣe lè yí ìkànnì rẹ̀ sí, àti bóyá wọ́n ṣe ohun kan sínú rẹ̀ tó lè borí ìdíwọ́. Ọ̀kan wà ní Bruneval ní etíkun ilẹ̀ Faransé. Lóru ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1942, nǹkan bí 120 jagunjagun fi párásúùtù balẹ̀ síbẹ̀, John Frost ni ọ̀gá wọn. Wọ́n nílò ẹni tó mọ rédà tú. Ẹni tí wọ́n rí ni C. W. H. Cox, sájẹ́ǹtì tó ń tún rédà ṣe. Iṣẹ́ fífi fíìmù hàn ní sinimá ló ń ṣe kí ogun tó dé. Kò wọ bàlúù rí, kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, kí wọ́n tó ní kó wá kọ́ bí a ṣe ń fò láti inú bàlúù.

Ó balẹ̀ nínú yìnyín, ó dé ìdí ẹ̀rọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u nígbà tí ọta ìbọn ń kọjá. Èyí tó ṣeé tú, wọ́n tú u. Èyí tí kò ṣeé tú, wọ́n fi irin já a kúrò. Wọ́n kó o sọ̀kalẹ̀ lọ sétíkun, ọkọ̀ ojú omi kó wọn, ilẹ̀ sì mọ́ bá wọn lójú ọ̀nà ilé. Àwọn tó tú u wò ní ilé rí i pé ọ̀nà ìdíwọ́ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò ní tó fún rédà yìí, pé àfi ọ̀já alumíníọ̀mù yẹn. Wọ́n fún Cox ní Military Medal. Mo ti wo àwòrán Würzburg tó wà ní Bruneval lọ́jọ́ náà, èyí tí bàlúù kan yà kí wọ́n tó lọ, ọ̀pọ̀ ìgbà. Mo máa ń wo ẹ̀yìn áwo áńténà náà, mo máa ń ronú ibi tí èmi ì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.